Onífọ́tò Tó Pe Ìyàwó Rẹ̀ Lẹ́jọ́ Nítorí Ẹ̀rín

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ewúrẹ́ tó wọ oko olóko. Onífọ́tò tó wà níkoríta, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ẹ-Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀, ló pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́ pé láti ìgbà tó ti bímọ, ó kọ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó múra ẹjọ́ náà bí ẹni tó ń lọ fẹ́ ìyàwó tuntun. Ó wọ kóòtù, ó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, ó há fọ́tò mọ́ abíyá, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé òun ti jàre kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ìkókó náà dání. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, jókòó síbi ògiri, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Baálẹ̀ tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Onífọ́tò, kí ló sọnù?"

"Kí Baálẹ̀ ó pẹ́ fún wa. Ẹ̀rín ló sọnù, Bàbá. Lọ́wọ́ ìyàwó mi."

"Ẹ̀rín sọnù, o wá gbé e wá sí ààfin? Ṣé àwa la rí i he ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Onífọ́tò náà rẹ́rìn-ín, torí kò sí ohun tó fẹ́ràn tó kí ẹ̀rín pọ̀ nínú yàrá. Ó tẹ́ fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀.

"Bàbá, ẹ má fi ṣeré, iṣẹ́ òòjọ́ mi ni. Gbogbo abiyamọ tó wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wo èyí, eyín ló kún ẹnu. Ẹ wo èyí, ọmọ ń tọ̀ sí i lára lọ́wọ́, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín! Ẹ wá wo tèmi."

Baálẹ̀ gba fọ́tò náà. Obìnrin inú rẹ̀ gbé ọmọ dání dáadáa, ó wọ aṣọ tó rẹwà, ojú rẹ̀ sì wà níbòmíràn.

Bàbá Onígèdú, ọmọ ìgbìmọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, yọjú wò ó. "Háà. Ó dà bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ ní ìlú onílùú."

"Ẹ ti rí i! Àwọn oníbàárà ti ń sọ ọ́. Wọ́n ní onífọ́tò tí kò lè pa ìyàwó ara rẹ̀ lẹ́rìn-ín, ta ló fẹ́ pa lẹ́rìn-ín? Mo sì ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo dé bààfù lórí. Mo ké bí àkùkọ. Mo rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ láti pálọ̀ dé ilé ìdáná. Ọmọ tí kò ì mọ nǹkan kan gan-an yọ ẹ̀rín!"

"Kí lo wá fẹ́ kí ààfin ṣe?"

"Kí ẹ pàṣẹ fún un kó rẹ́rìn-ín. Bí kò bá lè ṣe é, kó padà sílé bàbá rẹ̀ títí ẹ̀rín á fi dé, kó fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá mi."

Obìnrin náà gbójú sókè wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Onífọ́tò rí i, ó sì yára wo ibòmíràn.

"Kí ló ṣòro níbẹ̀?" Bàbá Onígèdú ti dìde. "Ẹ fi í lé mi lọ́wọ́. Ìyàwó, gbọ́. Ọkùnrin kan ra pákó lọ́wọ́ mi, ó lọ fi kan ibùsùn. Ibùsùn kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Ó padà wá bá mi pé kí n bá òun fi ayùn gé òun díẹ̀, torí òun ò fẹ́ fi pákó ṣòfò!"

Ààfin dà rú fún ẹ̀rín. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà di ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú.

"Ẹ kú ìsapá, Bàbá," ni ìyàwó wí.

Bàbá Onígèdú jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ọ̀ràn náà le ju bí òun ṣe rò lọ.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni," Baálẹ̀ wí. "Àwọn ẹlẹ́rìí dà?"

Ìyá onífọ́tò ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. "Èmi nìyí, Baálẹ̀. Inú ilé kan náà la jọ wà. Obìnrin yìí kì í sunkún, kì í rẹ́rìn-ín. Á kàn jókòó, á máa wo ògiri. Kí ló wà lára ògiri? Ọ̀dà lásán ni! Oúnjẹ wà, omi wà, ọmọ lẹ́wà, ọkọ ò nà án. Kí ló tún kù? Nígbà tèmi, mo bímọ tán, mo gbọn aṣọ mi nù, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ta ló ráyè ìbànújẹ́?"

"Ẹ ní kì í sunkún?"

"Omijé kan ṣoṣo ò bọ́ lójú rẹ̀ rí."

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ilé wọn nàró lẹ́yìn. "Màmá, ẹ má bínú, mi ò pè yín ní òpùrọ́ o. Àmọ́ irọ́ ni."

"Irọ́ kẹ̀?"

"Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti yàrá wọn, Bàbá. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ẹkún á bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹkún aláriwo. Irú èyí tí èèyàn ń fi ìrọ̀rí bò mọ́lẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni."

"Kí lo wá ṣe sí i?"

"Mo yí rédíò sókè."

"O yí rédíò sókè."

"Bàbá, orí olórí wà lábẹ́ abẹ mi! Ẹkún kì í jẹ́ kí ọwọ́ dúró."

"O ò sọ fún ọkọ rẹ̀?"

"Mo rò pé ó mọ̀. Ṣebí ilé rẹ̀ ni."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ onífọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín náà kò sì mọ ibi tó máa jókòó sí lójú rẹ̀.

"Ibo lo máa ń wà lọ́sàn-án, onífọ́tò?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù, Bàbá."

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín."

Bàbá Onígèdú fẹ́ sọ nǹkan. Ó wo ojú Baálẹ̀, ó gbé e mì.

"Ẹ ẹ̀ mọ̀ pé ẹkún ń bẹ nínú yàrá, Ìyá onífọ́tò?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Èmi wà ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò. Wọ́n ń wá kí ọmọ láràárọ̀ lálaalẹ́."

"Ta ló ń se oúnjẹ fún wọn?"

"Ìyàwó."

"Ta ló ń fọ abọ́?"

"Ìyàwó náà ni."

"Ta ló wá gbé ọmọ?"

"Èmi ni o! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

"Òótọ́ lẹ sọ. Orí ìyá ọmọ tuntun náà ńkọ́?"

Màmá wá ń gbé ọmọ jó, bẹ́ẹ̀ ọmọ ò sunkún.

Baálẹ̀ kọjú sí ibi ògiri. "Ìyàwó, wọ́n ní o kọ ẹ̀rín. Kí lo rí sọ sí i?"

"Mo jẹ̀bi, Bàbá."

Onífọ́tò kò rí ẹjọ́ tó tètè tán báyìí rí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ ò sì dùn.

"O jẹ̀bi?"

"Pátápátá. Ẹ tì mí mọ́lé."

"Ta ló dárúkọ àtìmọ́lé fún ọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, yàrá tí ààfin ń ti èèyàn mọ́, ṣé ó ní ilẹ̀kùn?"

"Ó ní."

"Ṣé wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tì í?"

"Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀."

"Ṣé àlejò máa ń wọbẹ̀?"

"Rárá o."

"Àwọn tó wà níbẹ̀, ṣé wọ́n máa ń sùn?"

"Kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe?" Bàbá Onígèdú dá a lóhùn. "Sísùn niṣẹ́ wọn!"

"Ó dára. Bí ọ̀ràn ẹ̀rín yìí ò bá tó láti fi gbé èèyàn síbẹ̀, Bàbá, ẹ sọ èyí tí mo lè dá kún un fún mi. Mo fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀."

Onífọ́tò bú sẹ́rìn-ín, torí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nìkan nínú ààfin, ó sì dákẹ́.

"Mi ò kọ ẹ̀rín," obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kò gbé ohùn sókè, kò sì wo ẹnikẹ́ni. "Mo ti rín in tán ni. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ní ọmọ jọ bàbá rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ṣé ọmú mi ń yọ dáadáa, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní mo ti sanra jù, mo rẹ́rìn-ín, mo bu oúnjẹ fún wọn. Lọ́jọ́ kan mo wá ẹ̀rín náà títí, mi ò rí i mọ́."

"Oorun ńkọ́?"

"Bí ọmọ bá sùn, mo máa ń fi ìka sí i nímú kí n mọ̀ bóyá ó ń mí. Bí mo bá mú ìka kúrò, àyà mi á já, mo tún máa fi sí i. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá mi nìyẹn. Nígbà míì, mo máa ń wò ó, mi ò sì ní mọ nǹkan kan lára, bíi pé ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbé. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé ìyá burúkú ni mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa mọ̀, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ mi." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo. "Wọ́n sì ti wá gbà á."

Ó dun onífọ́tò dé eegun. Ó ti rò pé ìyàwó òun ń bá òun ṣe agídí ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ, kò tíì gbọ́ kí obìnrin yìí sọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí, ó sì di iwájú Baálẹ̀ kó tó gbọ́ ọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró de ẹjọ́ tiwọn dìde. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ilé ìwòsàn àdúgbò ni. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ló gbé mi wá, àmọ́ mi ò lè panu mọ́ lórí èyí."

"Sọ ọ́, Nọ́ọ̀sì."

"Èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ yìí. Ohun tó ń ṣe ìyá rẹ̀ kì í ṣe ìwà, kì í sì í ṣe àìmoore. Àìsàn ni. Ó máa ń bá ọ̀pọ̀ obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, a mọ̀ ọ́n, ó sì ní ìtọ́jú. A máa ń jókòó bá àwọn kan sọ̀rọ̀ ni títí ara á fi fúyẹ́, àwọn míì á lo oògùn sí i. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò nílò oorun àti ẹni tó máa dúró tì í."

"Wọn ò mú un wá bá ọ?"

"Wọ́n mú un wá. Mo bi í pé, Ìyá ọmọ, báwo ni ọkàn yín? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?"

"Kí ló ní?"

"Kò ráyè sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ló bá a dáhùn, ẹ̀bi tèmi ni pé mi ò tún bi í."

Baálẹ̀ rọra yí orí. "Onífọ́tò, ta ló dáhùn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí lo wí?"

"Mo ní a dúpẹ́, pé koko lara rẹ̀ le."

"Ìwọ lo bímọ ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ìwọ ni nọ́ọ̀sì ń bi?"

"Rárá, Bàbá. Oníbàárà ló ń dúró dè mí. Mo fẹ́ kó tètè tán."

"Àìsàn ayé òde òní!" Màmá ti bínú. "Àìsàn ẹ̀rín! Nígbà tiwa, kò sí irú rẹ̀!"

Láti òwúrọ̀, Ìyá Tíṣà, àgbà obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ìgbìmọ̀, kò tíì sọ̀rọ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kò sí irú rẹ̀?"

"Kò sí!"

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí a jọ ṣe kékeré?"

"Ọ̀rẹ́ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Nígbà tí o bí onífọ́tò yìí, ta ló ń wẹ̀ ọ́? Ta ló ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí ọ lẹ́nu? O kọjú sógiri, o ní ká gbé ọmọ náà kúrò níwájú rẹ. Èmi àti ìyá rẹ la jọ ń pín oorun sùn lórí rẹ."

"Ẹ máa gbọ́ o! Ó ń tú mi fó níwájú ọmọ mi!"

"Mi ò tú ọ fó. Mò ń rán ọ létí pé a ò dá ọ padà sílé bàbá rẹ ni."

Onífọ́tò wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. "Màmá, ṣé òótọ́ ni?"

"Mo ti gbàgbé," ìyá rẹ̀ wí. Ó wo ọmọ ọwọ́ rẹ̀. "Mo fẹ́ gbàgbé ni."

Ìgbà yẹn gan-an ni ìkókó figbe ta. Ìyàwó gbára jọ láti dìde, ara rẹ̀ sì ń wúwo.

"Jókòó, ìyàwó," Baálẹ̀ wí. "Onífọ́tò, gba ọmọ rẹ."

"Èmi? Bàbá, kámẹ́rà ni mo mọ̀ ọ́n gbé o."

"Sọ kámẹ́rà kalẹ̀."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gba ọmọ náà bí ẹni gba àwo ẹlẹgẹ́. Gbogbo ààfin di olùkọ́.

"Gbá a lórí mú!"

"Gbé e lé èjìká!"

"Kì í ṣe èjìká, àyà ni!"

"Ta lo bí rí, tó o fi ń sọ pé àyà?"

"Gbé e jó! Má mì í jù, ṣé ayò lo fẹ́ ta ni?"

Láàárín ariwo yìí ni Baálẹ̀ na ọwọ́ sókè, ó sì fi ìka tọ́ka síbi ògiri. Orí ìyàwó ti fara ti ògiri. Ojú rẹ̀ ti dé, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó ti sùn lọ fọnfọn. Gbogbo ààfin ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́.

"Ṣọ̀ọ́!"

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni Baálẹ̀ fi dá ẹjọ́ náà. "Gbogbo wa la wọ ilé obìnrin yìí. Gbogbo wa la ní ẹ kú ewu ọmọ. Èmi náà lọ, mo sì jẹun níbẹ̀. Ta nínú wa ló bèèrè bóyá ewu náà ti lọ tàbí ó ṣì wà nínú ilé?"

Baálẹ̀ wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Ó dáa. Obìnrin yìí ò lọ sílé bàbá ẹnikẹ́ni. Ìyá onífọ́tò, ọmọ yín ní ká fún yín lọ́mọ. Ìyá ọmọ la fún yín. Òun ni kẹ́ ẹ máa gbé pọ̀n. Bó bá jẹun, kẹ́ ẹ mọ̀. Bí kò bá sùn, kẹ́ ẹ mọ̀. Bó bá ní òun ò fẹ́ rí àlejò, kẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ajá."

Màmá mi orí. Kò bínú sí ọ̀rọ̀ ajá pàápàá.

"Onígbàjámọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti òní, o ò gbọ́dọ̀ tan rédíò lọ́sàn-án. Bó o bá gbọ́ ẹkún, fi orí tó ò ń gé sílẹ̀ ní ìlàjì, kó o lọ pe èèyàn."

"Ní ìlàjì, Bàbá?"

"Kí ẹni tó lorí náà máa rìn kiri bẹ́ẹ̀. Àlejò tó bá wá kí ọmọ, ìyá ni kó kọ́kọ́ kí, kó sì gbọ́ èsì rẹ̀ dópin. Ọwọ́ tó bá fọ abọ́ nìkan ló máa kan ọmọ. Onífọ́tò."

"Bàbá."

"Lọ́la, wàá mú un padà lọ bá nọ́ọ̀sì, àti ọjọ́ mìíràn tó bá tún dá fún yín. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, tó sì jẹ́ ìwọ lo dáhùn, àwa la máa wá ya fọ́tò tìẹ, níbi tó o ti ká apá aṣọ sókè tó ò ń fọ ìgbẹ́ ọmọ. Ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ la máa gbé e kọ́."

Akéde ààfin, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ìkoríta, tẹ̀ síwájú láti kéde ìdájọ́. Baálẹ̀ di í lẹ́nu mú. Etí dé etí ló fi kéde rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣòfófó.

"Ó ku ẹyọ kan," Baálẹ̀ wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dìde, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wúkọ́, títí obìnrin yìí á fi jí fúnra rẹ̀."

Bàbá Onígèdú na ọwọ́ sókè. "Bàbá, mo fẹ́ tọ̀."

"Mú un mọ́ra."

"Títí di ìgbà wo?"

"O ti gbọ́ ìdájọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ìlú jókòó. Oòrùn ṣí kúrò lójú ilẹ̀kùn. Eṣinṣin bà lé Baálẹ̀ nímú, Baálẹ̀ fi í sílẹ̀. Apá onífọ́tò kú tìpiri, kò jẹ́ mì. Ọmọ ti sùn sí i lọ́rùn, èémí rẹ̀ kéré débi pé kò gbọ́ ọ mọ́. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fi ìka sí i nímú. Ọmọ ń mí. Ó mú ìka kúrò, àyà rẹ̀ já, ó tún fi sí i. Omi lé ròrò sí i lójú níwájú gbogbo oníbàárà rẹ̀, kò sì bìkítà.

Nígbà tí ìyàwó jí, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jí, ó ń tá ilẹ̀ kiri. "Ọmọ mi dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi." Onífọ́tò sún mọ́ ọn. Ó gbé ọmọ náà lé e lẹ́sẹ̀, ó sì bèèrè ohun tí kò bèèrè rí. "Báwo ni ọkàn rẹ?"

"Ó ti—" Màmá lanu.

"Ṣọ̀ọ́!" gbogbo ààfin wí.

Obìnrin náà wò wọ́n yíká. Ó dà bí ẹni pé ó ń dúró kí ẹlòmíràn bá òun dáhùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Kò dára," ó wí. "Kò dára rárá, bàbá ọmọ mi."

Onífọ́tò fẹ́ sọ pé yóò dára. Baálẹ̀ gbé ọ̀pá sókè. Onífọ́tò pa ẹnu rẹ̀ dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀.

"Mò ń gbọ́," ó wí.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un. Bàbá Onígèdú tó ti nàró láti lọ tọ̀ wo ilẹ̀kùn, ó wo Baálẹ̀, ó tún rọra jókòó.